Ọkàn Tí Wọ́n Ní Kò Balẹ̀

Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Ọmọ mi ṣubú lórí pápá ní iléèwé lónìí. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní eré sísá ló pè mí. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ nínú ọṣẹ, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbéra. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ó ti jókòó, ó ń mu omi, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Màmá, oòrùn ni. Wọ́n kàn ń pariwo ni." Oòrùn wo? Láti àárọ̀ lojú ọ̀run ti dúdú.

Dókítà ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé bi mí bóyá nǹkan báyìí ti ṣe ẹnikẹ́ni rí nínú ẹbí wa. Mo sọ ohun tí a máa ń sọ: àìbalẹ̀ ọkàn ló pa ìyá mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n, ó yé mi." Ó ní ìdánwò àti ìdíje tó ń bọ̀ ló ń da ọmọ náà láàmú, pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń wà nínú ẹbí. Kí ó sinmi lọ́jọ́ mẹ́ta, kí n má jágbe mọ́ ọn, kí ó sì padà sórí pápá. Ara tù mí. Mo padà wá bá aṣọ funfun mẹ́ta tí aṣọ pupa kan ti bà jẹ́ nínú omi.

Ọjọ́bọ̀, 6

Òjò. Inú ilé ni gbogbo aṣọ wà lórí okùn, wọ́n sì ti ń rùn. Ọṣẹ tún ti gbówó lórí. Ọmọ mi ti padà sórí pápá.

Ajé, 10

Ó tún ṣubú. Kì í ṣe orí pápá lọ́tẹ̀ yìí. Orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù wa ni, ó gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ dání. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí mi. Ètè rẹ̀ dúdú. Mo pè é, mo pè é, mo gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́, mo tún pè é. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló gbé e sínú ọkọ̀, tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a tó dé ilé ìwòsàn ńlá, ọmọ náà ti ń bèèrè ẹni tó máa ṣa aṣọ tó dà sílẹ̀.

Mi ò lè jẹun. Wọ́n ní ká padà wá lọ́la, kí dókítà tó mọ̀ nípa ọkàn lè rí i.

Ìṣẹ́gun, 11

Obìnrin ni dókítà náà, kò ju ẹni tí mo lè pè ní àbúrò lọ. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọmọ mi láyà àti lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Dókítà wo àwòrán náà títí. Lẹ́yìn náà ó mú bírò.

"Màmá, ṣé ìyá yín àti bàbá yín wà láyé?"

"Bàbá mi wà. Ìyá mi ti kú. Àìbalẹ̀ ọkàn ni, Dókítà."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ọkàn wo?"

Mo ní, "Ọkàn wọn náà ni."

"Èyí tó ń ronú ni, àbí èyí tó ń lù?" Ó fi ìka kan àyà ara rẹ̀. "Ta ló sọ fún yín pé kò balẹ̀? Ta ló sì sọ fún ẹni yẹn?"

Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà ò bi ara mi.

Ó ṣàlàyé. Iṣan ọkàn ọmọ mi nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó ń sáré gan-an, ọkàn wọn máa ń nípọn díẹ̀, kò sì ní ṣe wọ́n ní nǹkan. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tó máa ń mú kí ọkàn nípọn bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń bí i mọ́ni, ó sì lè dá ọkàn dúró lójijì. Àwòrán nìkan kò tíì lè sọ èwo ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé eré sísá ló fà á, yóò fi eré sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, wọ́n á sì máa wò ó. Bó bá jẹ́ àrùn yẹn ló pa ìyá mi, dókítà ò ní dúró. Wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré kan sí abẹ́ awọ àyà rẹ̀, tí yóò máa ta ọkàn jí bó bá fẹ́ dákẹ́.

"Mi ò fẹ́ fi irin sínú ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lásán," ó ní. "Mi ò sì fẹ́ kí ẹ padà wá sọ fún mi pé ọmọ ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ṣé ibí yìí ni ìyá yín kú sí? Ẹ bá mi wá fáìlì wọn."

Títí dìgbà náà, kò gbọdọ̀ sáré. Ìdíje ku oṣù kan. Ọmọ mi sunkún láti ilé ìwòsàn títí dé ilé, kò sì gbà kí n di òun lọ́wọ́ mú.

Ọjọ́rú, 12

Mo lọ bá Àǹtí, àbúrò ìyá mi, àwọn tó tọ́ mi dàgbà. Inú wọn ò dùn sí ọ̀rọ̀ náà rárá.

"Fáìlì kẹ̀? Kí lo fẹ́ fi fáìlì ṣe? Ta ni ò mọ ohun tó pa ẹ̀gbọ́n mi?"

"Àǹtí, dókítà ní ọkàn wo ni."

"Ọkàn wo ti báwo? Ọkàn mélòó lèèyàn ní?"

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n yọ káàdì kan látinú ìwé àdúrà wọn. Ó ti di yẹ́lò. Nọ́ọ̀sì ló kọ ọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n lọ gba òkú. *Ohun tó fa ikú: àìbalẹ̀ ọkàn.*

"Ṣé o rí i? Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Bàbá rẹ ni, òun àti obìnrin tó ń lọ bá nílùú tó máa ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń ronú, ó ń ronú, títí tí ìrònú fi gbé e lọ."

Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo pé ọmọ ogún ọdún, mo dúró níwájú bàbá mi, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ pa ìyá mi." Ó dìde, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, ẹ káàárọ̀ àti ẹ káalẹ́ nìkan ló kù láàárín wa, ìyẹn nígbà tí a bá ṣèèṣì pàdé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé "ó" ni mò ń kọ fún un níbí, kì í ṣe "wọ́n". Kó wà bẹ́ẹ̀. Ìwé tèmi ni.

Ẹtì, 14

Akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì àtijọ́ wà ní yàrá kan nísàlẹ̀ ilé ìwòsàn, a ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo bèèrè bóyá fáìlì ọdún yẹn ṣì wà. Ó ní ó di ọ̀la. Mo bèèrè bóyá mo lè rí ọ̀gá rẹ̀. Ó di ọ̀la. Mo ti sọ ọ́ ní Ó-Di-Ọ̀la.

Ṣùgbọ́n òfin tirẹ̀ ò di ọ̀la. Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ. "Ṣé ọkọ olóògbé wà láyé?"

"Ó wà. Ṣùgbọ́n èmi lọmọ tí..."

"Mo ti gbọ́ pé ẹ̀yin lọmọ. Ọkọ ló máa buwọ́ lù ú. Àfi bó bá ti kú, nígbà náà lọmọ á lọ búra níwájú agbẹjọ́rò, a ó sì gbà á lọ́wọ́ ọmọ."

Mo fi fọ́ọ̀mù náà sínú báàgì. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 18

Mo lọ. Bàbá mi ò wakọ̀ mọ́, géètì ló ń ṣọ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, ó sì ní yàrá kan lẹ́yìn ibẹ̀. Ekuru pákó wà lórí gbogbo nǹkan àfi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó tẹ́ láìsí ìṣẹ́po kan. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rọ̀ sára ìṣó. Ó lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì jó kọ́là. Ojú iṣẹ́ mi kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kí n tó rí i pé bàbá mi fúnra rẹ̀ ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàsán o."

"Káàsán. Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìgbé ojú sókè. Nígbà tí mo gbé fọ́ọ̀mù sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó mú un súnmọ́, ó tún gbé e jìnnà.

"Wọ́n ti kọ ohun tó pa á sórí káàdì. Kí ni wọ́n tún fẹ́ wò?"

"Ọmọ mi ló ń ṣubú, Bàbá."

"Mo gbọ́."

"Ẹ buwọ́ lù ú nígbà náà."

Ó ká a sí méjì, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Ohun tó wà nínú fáìlì yẹn ò lè ṣe ọmọ rẹ lóore. Jọ̀ọ́, má hú u síta."

Inú bí mi débi pé mi ò dágbére. Lójú ọ̀nà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀. Ó pa ìyá mi, ó tún jókòó lé ìwé tó lè gba ọmọ mi là, nítorí kí orúkọ rẹ̀ má bàa bàjẹ́! Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe wà nínú mi.

Ọjọ́bọ̀, 20

Bàbá ọmọ mi pè láti orí ọkọ̀ ojú omi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ohùn rẹ̀ ń já. Mo gbọ́ "ṣé ó ti..." àti "má jẹ́ kó..." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì.

Àbámẹ́ta, 22

Oòrùn yọ, mo sá aṣọ ibùsùn méjìlélógún sẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo padà lọ wò wọ́n, mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ọmọ mi ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín àwọn aṣọ náà, níbi tó rò pé mi ò lè rí òun.

Mo jágbe mọ́ ọn. Ó dúró, ó ń mí gúlegúle, ó ní, "Màmá, bí mi ò bá sáré, kí ni mo wá jẹ́?"

Mo ní ọmọ mi ni, ìyẹn ni o jẹ́. Ó wò mí bí ẹni pé mo fún un lówó tí kò ṣeé ná mọ́. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù lọ sunkún, aṣọ oníbàárà ni mo sì fi nu ojú. Mo tún un fọ̀.

Ìṣẹ́gun, 25

Ohun tí mo ṣe lónìí, mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwé ìbúra, mo tò sórí ìlà láti aago mẹ́jọ. Mo fẹ́ búra pé bàbá mi ti kú.

Mo rò pé yóò rọrùn. Ṣebí mo ti pa á sínú mi tipẹ́. Ó kàn mí. Ọkùnrin ibẹ̀ ò tilẹ̀ wo ojú mi, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Orúkọ, ó tẹ̀ ẹ́. Àdírẹ́sì, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ọdún wo ni bàbá kú?"

Ọdún tí mo fẹ́ fi purọ́ ti wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là jíjó yẹn ló ń wá sójú mi. Ọkùnrin náà tún bèèrè. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní, "Ìyá, ẹ dáhùn ká rọ́nà." Mo ní ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé nǹkan kan sílé, mo sì jáde sínú òjò.

Ẹtì, 28

Ìgbà kẹta. Ó kàn ń dìde lórí àga ni. Kò sáré, kò gbé nǹkan. Wọ́n dá a dúró sí wọ́ọ̀dù, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń ké pí, pí, pí. Dókítà ní, "Fáìlì ń kọ́?" Mo ní ó ń bọ̀. Irọ́ ni.

Ajé, 1 Oṣù Keje

Mò ń lọ aṣọ nígbà tí òjìji ẹnìkan bo ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi ni. Kò tẹ ẹsẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mi rí láti ọjọ́ tí mo ti ṣí i. Òjò ti pa á.

"Wọ́n ní ó ti tún ṣubú."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mò ń bèèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe." Ó wo ilẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni mò ń pè é."

Mo yọ fọ́ọ̀mù látinú dúrọ́ọ̀. Ó buwọ́ lù ú lórí tábìlì ìlọṣọ, lórí aṣọ gbígbóná, mo sì bá a di ìwé náà mú. Nígbà tó ṣe tán, ó ní, "Ohun tí o bá rí níbẹ̀, bó bá lè wúlò fún ọmọ náà, lò ó. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má kà á fún mi."

Mo fún Bàbá ní aṣọ ìnura kan. Wọ́n nu orí wọn, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n lọ.

Ọjọ́rú, 3

Ó-Di-Ọ̀la wo fọ́ọ̀mù, ó wọ inú lọ, kò sì sọ pé ó di ọ̀la. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní òjò ti wọ yàrá ẹ̀yìn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pé fáìlì ìyá mi wà lára àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ó gbé e wá lórí ọwọ́ méjèèjì. Ó ti lẹ̀ pọ̀ di odidi kan, ó rọ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Ó fẹ́ fi èékánná ṣí i, ojú ìwé àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ohùn mi ròkè débi pé èmi náà bẹ̀rù. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó tẹ́ ẹ sórí nǹkan funfun, kí ó má sá a sí oòrùn, kí ó má gbé nǹkan lé e. Mo ní màá padà wá pẹ̀lú irinṣẹ́ mi.

Ẹtì, 5

Mo gbé ayọ́ọ̀nù mi àti aṣọ ibùsùn àtijọ́ mẹ́fà sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó-Di-Ọ̀la ti fa wáyà iná wá láti yàrá kejì, ó sì ti nu tábìlì rẹ̀. Òfin ní fáìlì ò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, torí náà ó jókòó tì mí láti aago mẹ́sàn-án títí di ìrọ̀lẹ́.

Bí a ṣe ń lọ aṣọ tó ṣẹlẹgẹ́ ni mo ṣe é. Iná díẹ̀, aṣọ gbígbẹ lábẹ́, aṣọ gbígbẹ lókè, ká tẹ̀ ẹ́ ká gbé e, ká má fà á. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti gbẹ, yóò gbéra fúnra rẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ tí kò mú gbé e díẹ̀díẹ̀. Ìwé mẹ́rìnlélógún. Méjì ti ṣòfò, dúdú ni àwọn méjèèjì. Akọ̀wé náà ń gbà wọ́n lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n, kò sì sọ nǹkankan àfi "ẹ rọra" àti "ẹ kú iṣẹ́".

Ojú ìwé keje ni dókítà ìgbà yẹn kọ. Mo dà á kọ síbí:

*Obìnrin, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọkàn ń sáré, ó ń fò, lílù rẹ̀ kò ṣe déédéé. Ó ti dákú lẹ́ẹ̀mejì. Iṣan ọkàn nípọn gan-an. Àbúrò bàbá rẹ̀ kú lójijì nígbà ọ̀dọ́. Mo gbà pé àrùn àbímọ́ni ni. Kí ọkọ mú ọmọ wọn wá fún àyẹ̀wò.*

Nísàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ mìíràn, yíǹkì mìíràn, ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó kọ káàdì:

*Mo ti ṣàlàyé fún ọkọ pé ọkàn ìyàwó rẹ̀ kò balẹ̀, pé kí ó mú ọmọ wá. Ó ń sunkún. Ó ní òun ti gbọ́.*

Mo pa iná ayọ́ọ̀nù. Nọ́ọ̀sì yẹn ò purọ́. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ló wá fún un. Ọkàn tó ń fò kiri láyà, kí lèèyàn tún fẹ́ pè é? Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó mọ ohun tí òun ń ṣe lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, kí ló máa gbọ́ bí wọ́n bá ní ọkàn ìyàwó rẹ̀ ò balẹ̀?

Bàbá mi sì mú mi wá. Mo rántí. Aṣọ iléèwé ló wà lọ́rùn mi. Bàbá mi gbé mi lé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Wo ọmọ rẹ. Jẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀." Ìyá mi fọwọ́ pa mí lórí. Lẹ́yìn náà wọ́n mú mi padà sílé. Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n gbọ́ pé kí wọ́n ṣe, kò sì sẹ́ni tó gbé etí lé àyà mi.

Ó-Di-Ọ̀la bi mí bóyá kí òun pọn omi wá fún mi. Mo ní rárá. Ó pọn ọ́n wá.

Ìṣẹ́gun, 9

Dókítà ka ẹ̀dà fáìlì tí akọ̀wé ṣe fún wa, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Kò ní dúró mọ́. Ọ̀túnla ni iṣẹ́ abẹ.

Ó yẹ èmi náà wò. Tèmi náà nípọn, ṣùgbọ́n kò tó ti ọmọ mi. Oògùn ni n ó máa lò. Ogójì ọdún ni mo ti ń gbé e kiri láìmọ̀. Ó ní kí Àǹtí náà wá. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní ọkàn tàwọn balẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ọkàn wo?" Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo ni kí n wá?"

Ọjọ́bọ̀, 11

Wọ́n gbé e wọlé ní aago mẹ́wàá. Wọ́n gbé e jáde ní aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó wà láàyè. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Mi ò lágbára láti kọ jù báyìí lọ. A dúpẹ́, a dúpẹ́.

Àbámẹ́ta, 13

Ọjọ́ ìdíje. Olùkọ́ rẹ̀ pè, ó sọ ẹni tó gba ipò kìíní. Ọmọ mi ní, "Ǹ bá ti fi eré nà án." Ó yí ojú sí ògiri. Mi ò sọ pé kó má sunkún. Mo jókòó tì í, a jọ sunkún eré tí kò ní sá mọ́.

Ìṣẹ́gun, 16

Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Bàbá jókòó síta, wọ́n dìde nígbà tí wọ́n rí mi. Wọ́n bèèrè ọmọ. Mo ní ó ti ń jẹun, ó ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, mo mú ẹ̀dà fáìlì wá."

"Mo bẹ̀ ọ́ pé kí o má kà á fún mi."

"Àìsàn ni, Bàbá. Iṣan ọkàn ni. Wọ́n bí i mọ́ ìyá mi. Ó wà lára ọmọ mi, ó wà lára èmi náà. Bí ẹ bá tilẹ̀ jẹ́ ọkọ tó dára jù láyé, ìbá ṣì pa wọ́n."

Wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Obìnrin yẹn wà lóòótọ́."

"Mo mọ̀. Fáìlì ò pa ìyẹn rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò pa ìyá mi. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, irọ́ ni mo pa mọ́ yín. Ẹ dárí jì mí." Mo kúnlẹ̀ sínú ekuru pákó. Wọ́n fẹ́ gbé mi dìde, agbára wọn ò ká a, ni wọ́n bá jókòó sílẹ̀ tì mí.

Ìgbà náà ni wọ́n sọ ohun tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, orí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni oorun gbé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n jí, ìyá mi ti kú. Kò pè wọ́n. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ló wà láàárín wọn, kò sì pè wọ́n. "Mo mọ̀ pé ó bínú sí mi títí dé òpin. Mo rò pé wọ́n á ti kọ ìyẹn náà síbẹ̀."

Ojú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ló wà lẹ́yìn fáìlì. Dókítà ò nílò wọn, èmi náà ò tíì kà wọ́n. Mo wá ọjọ́ náà títí mo fi rí i. Omi ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan ìwé náà. Mo kà á sókè bí mo ṣe rí i:

*Aago mẹ́rin ìdájí. Aláìsàn ní àyà ń já òun. Mo fẹ́ lọ jí ọkọ rẹ̀. Ó ní rárá, kí n jẹ́ kó sùn, pé ọ̀nà jíjìn ló ti wakọ̀ wá. Ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á pè é fúnra òun.*

Bàbá ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní kí n tún un kà. Nígbà tó di ìgbà kẹrin, wọ́n ti ń bá mi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n sì di ojú.